Kí Omi Ro Tán: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Tó Ń Mú Ẹ̀wà àti Ọkà Hù Nílé

Àìrí omi kì í pa ẹ̀wà tàbí ọkà tí a fẹ́ mú hù tó bí àpọ̀jù omi ṣe ń pa á. Hóró tó ti mu omi yó ti jí, mímí ló sì kù tó ń ṣe. Ó ń fa afẹ́fẹ́, ó ń tú ooru jáde, ó ń jẹ nínú oúnjẹ tó gbé pamọ́ sára kí gbòǹgbò àkọ́kọ́ lè yọ ẹnu. Bí omi bá bò ó lásìkò yìí, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè dé ara rẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kò bìkítà fún afẹ́fẹ́ yóò sì gba ilé lọ́wọ́ onílé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé jíjẹ́ kí omi ro kúrò lára hóró, lẹ́yìn rírẹ àti lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí a bá fi omi ṣàn án, ni ọ̀gá iṣẹ́ yìí. Òun náà ni àwọn ọ̀dọ́ ń fò jù.

Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ oúnjẹ ní Ìbàdàn láìpẹ́ yìí, ọ̀nà àbùjá kan gba àtẹ́wọ́. Ẹni tó ń kọ́ wọn da ẹ̀wà olóyin sínú ọ̀rá dúdú, ó bu omi sí i, ó so ẹnu ọ̀rá pinpin, ó ní kí wọ́n gbé e sí kọ̀rọ̀ di ọjọ́ kẹta. Kò sí pé à ń ṣàn án, kò sí pé à ń jẹ́ kó ro. Nígbà tó tú èyí tó ti so sílẹ̀ ṣáájú, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Ló bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó bù ú fún wọn tọ́ wò, wọ́n sì ń yìn ín pé ó mú iṣẹ́ rọrùn. Ẹ̀wà yẹn kò hù, ó kẹ̀ ni. Àwọn díẹ̀ nínú rẹ̀ yọ ẹnu lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ti bó láwọ̀, ó ń yọ̀ mọ́ ìka. Ọsàn wẹ́wẹ́ a máa bo òórùn, kì í pa ohun tó ń rùn. Nínú gbogbo àwọn tó pàtẹ́wọ́, kò sí ẹnì kan tó béèrè ibi tí omi inú ọ̀rá náà gbà lọ.

Kí ọ̀rọ̀ tó dórí omi, wàhálà kan wà tó ti ọjà wá. Hóró tí kò wú, tàbí tó wú tí kò hù, lè jẹ́ èyí tó ti gbó jù, èyí tí kòkòrò ti jẹ ojú rẹ̀, tàbí èyí tí iná ti kàn. Ẹ̀wà tí wọ́n ti là sí méjì kò ní hù títí ayé, bẹ́ẹ̀ náà ni yànmọ̀tí tí wọ́n ti bó. Kí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀wà púpọ̀ kọ́kọ́ ka 100 hóró, kó rẹ ẹ́, kó wé e sínú aṣọ tútù, kó kà á lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Bí èyí tó hù kò bá tó 80, ẹ̀wà jíjẹ ni, kí ó lọ fi ṣe mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti ilé nìkan. IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn láti 1967, tọ́jú oríṣi ẹ̀wà tó lé ní 15,000 pamọ́, irú ìdánwò híhù bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì fi ń mọ̀ bóyá irúgbìn inú yàrá òtútù wọn ṣì wà láàyè.

Irúgbìn tó ní àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ewé tí kì í ṣe ti ẹ̀dá rẹ̀, oògùn àgbẹ̀ ni wọ́n fi pa á lára. Inú ilẹ̀ ni tirẹ̀, kò gbọdọ̀ dé inú ìkòkò. Ẹ̀wà tí wọ́n fín oògùn apakòkòrò sí nínú àpò náà kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ní 2019, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de títa ìgò kékeré oògùn apakòkòrò dichlorvos, nítorí pé àwọn kan ń dà á sí oúnjẹ. Kí a ra ẹ̀wà lọ́wọ́ ẹni tí a mọ̀ ló dára, bí kòkòrò díẹ̀ tilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kòkòrò ṣeé ṣà.

Àwọn hóró kan le lára débi pé omi tútù kò ràn wọ́n. Àwọn tó ń gbin ewédú mọ èyí dáadáa: wọ́n á di irúgbìn rẹ̀ sínú aṣọ, wọ́n á rì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n á sì gbé e kúrò kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà kò nílò irú rẹ̀ rárá, ẹni tó bá sì da omi gbígbóná sí ẹ̀wà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sè é nìyẹn.

Rírẹ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wákàtí 8 sí 12 tó fún ẹ̀wà, ọkà bàbà àti àgbàdo lè tó ọjọ́ kan, kí a sì pààrọ̀ omi wọn lẹ́ẹ̀kan. Kí ohun èlò fẹ̀, kí hóró gbígbẹ má kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, nítorí yóò wú, yóò sì fẹ́ àyè láti mí. Àwọn hóró tó bá ti fọ́ tàbí tó léfòó, kí a ṣà wọ́n dànù lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan tó bá jẹrà á kó bá àwọn ará ilé rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ la wá dé yìí. Ọ̀tọ̀ ni kí a da omi nù, ọ̀tọ̀ ni kí omi ro tán. Ẹni tó bá dorí ìgò kodò, tí omi sì ya jáde, rò pé òun ti ṣe é. Èyí tó kù ń bẹ láàárín hóró sí hóró, ó fà mọ́ wọn lára, ó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ti di adágún kékeré, àwọn hóró tó wà nínú rẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ rùn. Èyí tó wà lókè á máa dán, á máa fani mọ́ra, títí òórùn ìsàlẹ̀ yóò fi tú àṣírí.

Ìyá alọ́tí ọkà kan ní Ìgbòho, ní Òkè-Ògùn, kò fi ọ̀rọ̀ kọ́ ẹnikẹ́ni ní èyí. Ajere ńlá ló ń lò, á sì gbé e ka orí òkúta méjì tí ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Ọmọ iṣẹ́ tó bá tún òkúta náà ṣe kí ajere lè jókòó dọ́gba yóò gbọ́ èébú. Ìdí rẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ ohun tó tẹ́jú a máa dá omi dúró, ẹ̀kán á so rọ̀ síbẹ̀ láì já bọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá dagun, gbogbo ẹ̀kán á sáré pàdé níbi kan, wọ́n á sì wúwo tó láti já. Bí ọmọ iṣẹ́ bá wá jíṣẹ́ pé omi ti ro, ìyá náà á na àtẹ́lẹwọ́ sí abẹ́ ajere, á sì máa kí ẹni tó ń kọjá lọ: ará ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ọjà àná ńkọ́. Kò ní wo ọwọ́ rẹ̀ títí ìkíni yóò fi parí. Bí ẹ̀kán kan péré bá wà níbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ á tún gbọn ajere, ìyá á sì wá ẹlòmíràn kí. Òǹkọ̀wé yìí wà lára àwọn tó gbọn ajere náà títí apá fi ń ro wọ́n. Lójú wọn nígbà náà, ìyà lásán ni. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó rí i pé ọkà rẹ̀ kì í kẹ̀, kódà nínú òjò oṣù kẹsàn-án tí nǹkan kan kì í gbẹ. Irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkà bálì wọlé ní 1988, tí àwọn iléeṣẹ́ ọtí bíà sì sáré yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo, ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń wá kiri nípa omi, ooru àti afẹ́fẹ́ kò ṣàjèjì sí àtẹ́lẹwọ́ àwọn ìyá náà.

Ẹni tí kò ní ajere lè lo ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò tí a fi aṣọ nẹ́ẹ̀tì so lẹ́nu. Kí ó dorí rẹ̀ kodò, kí ó dagun nínú abọ́, kí ẹnu rẹ̀ má kan omi tó ń ro jáde, kí hóró má sì dí gbogbo ẹnu náà pa. Ní Èkó, nígbà ooru, kí a fi omi ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì tó, ṣùgbọ́n kí a fi aṣọ ọ̀rinrin bò ó, torí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a máa gbẹ hóró òkè kí gbòǹgbò rẹ̀ tó gùn. Ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí omi ro tán.

Bí àìsàn bá wá dé, àmì rẹ̀ kì í fara sin. Òórùn kíkan pẹ̀lú omi tó ń fà bí ilá, omi ìsàlẹ̀ ni. Kò sí àtúnṣe, kí a dà á nù, kí a sì fi omi gbígbóná fọ ohun èlò. Bí a bá ti ọwọ́ bọ àárín òkìtì tí ó gbóná ju ẹ̀gbẹ́ lọ, ó ti pọ̀ jù lójú kan. Kí a tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí hóró bá yọ ẹnu, tí ẹnu náà sì pọ́n tó dúró gbagidi, ọ̀gbẹlẹ̀ ló mú un, ẹ̀ẹ̀kan yìí ni a lè sọ pé omi kò tó.

Ohun funfun tó rí bí òwú ni ó ń dẹ́rù ba àwọn ọ̀dọ́ jù, pàápàá lára ọkà bàbà. Kí wọ́n tó da iṣẹ́ nù, kí wọ́n mú hóró kan sí ojú ìmọ́lẹ̀. Bí òwú náà bá yí gbòǹgbò nìkan ká, tó tò dọ́gba, tó sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí omi kàn án, irun gbòǹgbò ni, àlàáfíà ni. Bí ó bá ta láti hóró kan dé èkejì bí ilé aláǹtakùn, tó bo èèpo, tó sì ń rùn bí ilé tí òjò ń jò sí, ó ti bu nìyẹn.

Àwọn kan ń ráhùn pé èéhù ẹ̀wà mung tàwọn tínínrín, kò sanra bí èyí tí àwọn ará Ṣáínà ń tà. Kì í ṣe àìsàn. Inú òkùnkùn ni àwọn ará Ṣáínà ń gbé tiwọn sí, wọ́n sì ń gbé nǹkan wúwo lé e lórí. Ara tí à ń tẹ̀ a máa tú gáàsì ethylene jáde, gáàsì yìí ló ń mú kí èéhù kúrú kó sì ki. Ìmọ́lẹ̀ á sọ ọ́ di àwọ̀ ewé, á sì mú un korò díẹ̀. Sóyà ni alágídí láàárín àwọn ẹ̀wà. Ó tóbi, ó kún fún ọ̀rá, ó sì yára kẹ̀ nínú ooru. Ẹni tí kò tíì lè mú kí omi ẹ̀wà ro tán, kó má tíì fọwọ́ kan sóyà. Hóró ẹfinrin kò bá ajere tàbí ìgò lọ rárá, nítorí ó ń di kíki bí ewédú tó bá ti kan omi.

Lórí jíjẹ, kò sí ṣeréṣeré. Èéhù ọkà bàbà tútù ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní dhurrin, májèlé tó sì ń jáde lára rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀gẹ́ kíkorò. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kì í fi jẹ ẹ́ ní tútù. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún tí a ti tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí a ń yí i láàárọ̀ àti ní alẹ́ kí gbòǹgbò má bàa so pọ̀, a ó sá a sí oòrùn, a ó fi ọwọ́ ra gbòǹgbò àti èéhù rẹ̀ kúrò, a ó fẹ́ ẹ, a ó lọ̀ ọ́, a ó sì sè é. Ẹ̀wà pupa ńlá onírísí kíndìnrín náà ní májèlé tirẹ̀, híhù kò sì mú un kúrò. Kí ó hó gidi lórí iná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a fi í sílẹ̀. Awùjẹ náà kì í ṣe ohun jíjẹ ní tútù.

Ẹ̀wà tí kò ní májèlé pàápàá, sísè ló yẹ ẹ́. Ní 2011, èéhù irúgbìn fenugreek kó àìsàn bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Jámánì, ó sì pa ohun tó lé ní 50. Kòkòrò àìfojúrí tó ń fa irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lè ti wà lára irúgbìn kí ó tó kan omi, ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì ní ọ̀rinrin ni ó sì ti ń pọ̀ sí i. Omi ṣíṣàn kò lè fọ̀ ọ́ tán. Kí aboyún, ọmọdé àti arúgbó má jẹ ẹ́ láìsè.

Fún ìyá ọlọ́mọ, ìyẹ̀fun ọkà tó hù ní iṣẹ́ pàtàkì kan. Bí a bá po ògì ki, tí a sì ro ṣíbí kékeré ìyẹ̀fun yìí mọ́ ọn nígbà tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, yóò ṣàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí ohun tí híhù dá sínú ọkà ń gé sítáàṣì sí wẹ́wẹ́. Ọmọ á lè mu ògì tí oúnjẹ pọ̀ nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé a fi omi là á. Kí a dá a padà sórí iná kó hó kí ọmọ tó mu ún.

Ìpamọ́ ló kù. Èéhù ẹ̀wà tó ń lọ sínú fíríìjì gbọ́dọ̀ ti lo bíi wákàtí mẹ́jọ láìkan omi, kí ara rẹ̀ gbẹ lọ́wọ́. Kí a tẹ́ aṣọ gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ ike, kí a má dé e pinpin, kí a sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ọkà ní tirẹ̀, oòrùn ni a ó sá a sí títí gbòǹgbò rẹ̀ yóò fi máa dá pẹ́kí bí a bá ṣẹ́ ẹ. Èyí tó bá ṣì ń tẹ̀, kí a tún un sá lọ́jọ́ kejì kí a tó kó o sínú àpò.