Eré Ìje Láìsí Omi

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1904, ọkùnrin 32 sá eré ìje ọlọ́nà jíjìn ti Òlíḿpíìkì ní ìlú St. Louis, Amẹ́ríkà. Ọ̀nà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì 25.

Oòrùn mú ganrínganrín. Eruku ọkọ̀ bò wọ́n. Ibi tí wọ́n ti lè rí omi mu kò ju méjì lọ. Eruku wọ inú William Garcia. Ó ṣubú, díẹ̀ ló kù kó kú. Ajá lé Len Taunyane, ará South Africa, kúrò lójú ọ̀nà. Síbẹ̀ ó ṣe ipò kẹsàn-án. Ènìyàn 14 péré ló parí eré náà.

Ẹ̀yin ará, bí a bá fẹ́ pe èrò jọ, ìbáà ṣe fún eré tàbí ọ̀wẹ̀, omi ni ká kọ́kọ́ wá. Alágbára náà ń fẹ́ omi.

Ìbéèrè: Ènìyàn mélòó ni kò lè parí eré náà? Kí ló fà á?