Ohun Tí Òtútù Ọyẹ́ Ń Ṣe Nínú Ewé Ọ̀gbìn Wa

Ọyẹ́ ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí lọ́tẹ̀ yìí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti rí i rí pé bí ọyẹ́ bá mú fún ọjọ́ mélòó kan, ewé ọmọ kòkó inú nọ́sìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tòmátì àti àgbàdo etí odò á sì dúró sójú kan. Olóko á ní ilẹ̀ ló ṣá. Á yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, á fi ra ajílẹ̀, síbẹ̀ ewé kò ní padà bọ̀ sípò. Ìdí rẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Ewé ni ilé ìdáná ọ̀gbìn, iṣẹ́ méjì ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀. Èkíní, nǹkan tí ó mú kí ewé ní àwọ̀ rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Èkejì, àwọn òṣìṣẹ́ inú ewé, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ́ńsáìmù, ń fi agbára ìmọ́lẹ̀ náà sọ atẹ́gùn irú èyí tí à ń mí jáde di ṣúgà.

Òtútù kì í dá iṣẹ́ èkíní dúró. Èkejì ni ó ń fà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a fi ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ̀rọ bá ń rin ẹ̀gẹ́ láìdúró, tí iná abẹ́ agbada sì ń kú lọ, ẹ̀gẹ́ rírin yóò kún ilẹ̀, yóò sì bà jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni agbára oòrùn ṣe ń pọ̀ jù nínú ewé tí òtútù mú. Èyí tí ewé kò rí lò á máa ba ohun tí ń gba ìmọ́lẹ̀ jẹ́. Ewé a máa tún ìbàjẹ́ yìí ṣe, ṣùgbọ́n òtútù ń fa àtúnṣe náà sẹ́yìn pẹ̀lú. Nítorí náà, òru títutù tí oòrùn líle tẹ̀ lé ní òwúrọ̀ ni ó burú jù.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀gbìn ni òtútù ń bá jà. Ìgbà ọyẹ́ gan-an ni àwọn àgbẹ̀ Kánò àti Jígáwà ń gbin àlìkámà, kábéèjì sì ń ṣe dáadáa ní òkè Jọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbóná ni kòkó, àgbàdo àti tòmátì ti ṣẹ̀ wá. Bí àgbàdo bá wà nínú òtútù tí kò tó 15°C, iṣẹ́ ewé rẹ̀ á dín kù púpọ̀, ewé tuntun tí ó bá yọ nígbà náà á sì pọ́n.

Ọyẹ́ kò mú òtútù nìkan wá. Atẹ́gùn gbígbẹ rẹ̀ ń fa omi kúrò lára ewé. Ewé á wá pa àwọn ojú ihò kéékèèké tí ó fi ń mí dé, eruku á sì tún bò ó.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Bí ó bá jẹ́ ajílẹ̀ ni ọ̀gbìn ń fẹ́, àwọn ewé àgbà ìsàlẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ pọ́n. Bí ó bá jẹ́ òtútù àti oòrùn, àwọn ewé tí ó kọjú sí oòrùn ni yóò pọ́n, nígbà tí àwọn tí ó wà lábẹ́ ibòòji yóò ṣì dúdú minimini.

Ohun tí a ó ṣe nìyí:

1. Ẹ má ṣe ká imọ̀ ọ̀pẹ kúrò lórí nọ́sìrì nígbà ọyẹ́. Ẹ fi kún ti ìhà ìlà oòrùn.

2. Ẹ bu omi rin ilẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ tí ó lómi nínú a máa pa ooru ọ̀sán mọ́ di òru ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ.

3. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí ọmọ kòkó kí omi má baà tètè gbẹ.

4. Ẹ dá ajílẹ̀ dúró títí ewé tuntun yóò fi yọ. Ajílẹ̀ nínú ilẹ̀ gbígbẹ lè jó gbòǹgbò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí ní ìpàdé ẹgbẹ́ yín kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ ìwé owó yíyá. Ewé lè pọ́n kí ó tún rú, ṣùgbọ́n owó tí a yá, sísan ni a ó san án.