Nígbà tí Ara Ọmọ bá Ń Bá Ara Rẹ̀ Jà Lẹ́yìn Èéyi

Kò sí abiyamọ ní Ilé-Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ tí kò mọ èéyi. Ibà líle, ikọ́, ojú pípọ́n, lẹ́yìn náà ni ara ọmọ yóò sú. Nígbà tí ohun tí ó sú náà bá ń gbẹ, tí ọmọ sì tún ń béèrè oúnjẹ, ìyá a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà yìí gan-an ni àrùn mìíràn ń kọlu àwọn ọmọ kan, bí ọ̀kan nínú 1,000 tí èéyi mú. Ibà a padà, orí a máa fọ́ ọmọ, oorun a máa kùn ún ju bí ó ti yẹ lọ, gìrì lè gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè rọ. Àwọn kan ń kú. Ọpọlọ àwọn mìíràn kì í sì í bọ̀ sípò mọ́.

Àwọn onímọ̀ wá fáírọ́ọ̀sì èéyi nínú ọpọlọ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, wọn kì í sábà rí i. Ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe ọṣẹ́ náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ń bá kòkòrò àrùn jà, bí ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Èéyi a máa dà wọ́n rú, wọn a sì kọjú ìjà sí ọ̀rá tí ó bo iṣan inú ọpọlọ bí rọ́bà ti bo wáyà iná. Ọdẹ yìnbọn lu onílé nìyẹn. Kì í ṣe ọwọ́ aráyé rárá.

Dókítà David Morley, tí ó ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital, Iléṣà, láti 1956 dé 1961, tọpasẹ̀ àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé láti ìgbà ìbí wọn, ó sì rí bí èéyi ti ń pa wọ́n tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n dán abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi wò lára àwọn ọmọ agbègbè náà. Lónìí, ilé ìwòsàn yìí wà lábẹ́ ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀.

Ọmọ tí gìrì bá gbé lẹ́yìn èéyi, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n sáré gbé e lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu, nítorí májèlé ni. Àwọn dókítà ní oògùn tí ń pẹ̀tù sí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà. Ní ti àjẹsára, ọ̀fẹ́ ni ní àwọn ilé ìlera ìjọba: èkíní nígbà tí ọmọ bá pé oṣù 9, èkejì ní oṣù 15.