Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ẹja Òkun Wa Kú Láàárín Ọ̀sẹ̀ Kan

Ọkọ mi ra táǹkì ẹja onígíláàsì kan lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ tó ń kó lọ sókè òkun. Wọ́n ní igba lítà ni ó ń gbà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ní irú rẹ̀ ní pálọ̀, pẹ̀lú ẹja òkun àti iyùn ààyè oríṣiríṣi, ó sì wọ òun náà lójú. Ó pọn omi ẹ̀rọ kún un ní Sátidé, ó da iyọ̀ òkun tí wọ́n kó fún un sí i, nígbà tó di ọjọ́ Àìkú ó ra ẹja márùn-ún: méjì tí àwọn ọmọ ń pè ní Nemo, ọ̀kan aláwọ̀ búlúù, àti méjì tí n kò mọ orúkọ wọn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo wọn ti léfòó. Bẹ́ẹ̀ omi náà mọ́ gaara! Ẹni tó ta ẹja ní kí a wá ra òmíràn. Ọkọ mi ní omi ẹ̀rọ ni kò dáa, ó ti ń wá kẹ́ẹ̀gì tí yóò fi lọ pọn omi òkun ní etíkun Ẹlẹ́gùṣì. Èmi ní kí ó tà á kí owó má baà máa wọlé sí i. Ta ló jàre nínú wa?
Ìyá Ìbejì, Àjáh, Èkó.

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àdánù. Ẹni tí kò jàre rárá ni ẹni tó ní kí ẹ wá ra òmíràn, nítorí ohun tó pa ti àkọ́kọ́ ṣì wà nínú omi yẹn.

Amóníà ni. Ẹja ń mí, ó ń yàgbẹ́, oúnjẹ tí kò jẹ tán ń jẹrà, amóníà sì ni gbogbo rẹ̀ ń dà. Kò láwọ̀, ìwọ̀nba tó lè pa ẹja kò sì tó ohun tí imú wa ń gbọ́. Nínú òkun, àwọn bakitéríà ló ń gbọ́ bùkátà yìí: ìran kan a sọ amóníà di nitrite, tí òun náà ṣì ní oró, ìran kejì a sọ ìyẹn di nitrate, tí ẹja lè fara dà bí kò bá pọ̀ jù. Wọn kì í wà nínú táǹkì tuntun. Ara òkúta, yanrìn àti inú fílítà ni wọ́n ń gbilẹ̀ sí, ìyẹn sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ọjọ́ kan ni ọkọ yín fún wọn.

Ní ti omi ẹ̀rọ, ó jàre díẹ̀. Klorínì àti bàbà lè wà nínú rẹ̀, bàbà díẹ̀ báyìí sì ti tó láti pa iyùn, akàn àti ìgbín òkun. Omi kànga-dẹ̀rọ náà ní tirẹ̀ nínú. Omi tí a fi ẹ̀rọ RO/DI sẹ́ ni kí ẹ wá, kí mítà TDS, tó ń wọn ohun tó yọ́ sínú omi, ka òdo nínú rẹ̀. Ẹ má gbọ́kàn lé omi inú ọ̀rá láìwọ̀n ọ́n.

Ṣùgbọ́n kí ó fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Odò ńláńlá ló ń tú ẹrẹ̀ àti omi aláìníyọ̀ sí etíkun wa, ìyẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí òkè iyùn tòótọ́ wà níbẹ̀, nítorí omi mímọ́ kedere tí iyọ̀ rẹ̀ kì í yí padà ni iyùn ń fẹ́. Ẹ tún wá fi ìdọ̀tí gbogbo Èkó kún un. Èmi ò ní da ife kan rẹ̀ sí táǹkì. Iyọ̀ tí wọ́n pò fún iyùn ni kí ẹ lò, nǹkan bíi kílò méje fún igba lítà, kí refractometer, ohun èlò tí a fi ń wọn iyọ̀ omi, ka 1.025 tàbí 1.026. Bí omi bá fà, iyọ̀ kì í bá a lọ, omi lásán tí a sẹ́ ni kí ẹ máa fi dípò. Ọ̀pọ̀ ló ń fi omi oníyọ̀ dí i, tí táǹkì wọn á máa di ọbẹ̀ tó jò kalẹ̀.

Ibi tí gbẹgẹdẹ ti máa gbiná gan-an ni iná ọba. Ní Peckham, hítà ni wọ́n ń rà kí omi lè gbóná tó 25 tàbí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní Àjáh, bí ẹ ó ṣe mú un tutù ni ẹ ó máa wá. Àwọn ewéko tíntìntín kan ń gbé inú ara iyùn, àwọn ló ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún un. Bí omi bá gbóná kọjá 30 fún ọjọ́ mélòó kan, iyùn a lé wọn jáde, a funfun báláú, ebi a sì pa á. Fáànù kékeré tí a kọjú sí omi lè dín ooru náà kù díẹ̀. Bí wọ́n bá wá mú iná lọ lóru, tí pọ́ǹpù tó ń yí omi dákẹ́ ńkọ́? Omi ò yí mọ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa tán, ẹ ó bá àwọn ẹja lókè tí wọ́n ń la ẹnu hẹ̀ẹ̀ sójú omi. Bí ó bá pẹ́, bakitéríà inú fílítà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, amóníà á sì padà dé. Iná àtùpà táǹkì lè wà ní pípa fún ọjọ́ kan láìsí wàhálà. Pọ́ǹpù kò gbọdọ̀ dákẹ́.

Kí ó tó ra ẹja, kí ó ra ohun èlò ìdánwò. Ó máa kán oògùn sínú ìgò kékeré tí omi táǹkì wà nínú rẹ̀. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, bí ó bá pọ́n rúsúrúsú, kò sí amóníà. Bí ó bá di àwọ̀ ewé, ó ku sùúrù. Nemo méjì ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ń sìn wọ́n ní ibùdó ìsìnja báyìí, kò dìgbà tí a bá kó wọn lókun. Akọ ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń jẹ́, èyí tó bá tóbi jù nínú àwọn méjèèjì ló ń di abo, ohun tí fíìmù Nemo ti ọdún 2003 ò sọ fún àwọn ìbejì yín. Aláwọ̀ búlúù yẹn lè gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, igba lítà kò gbà á. Iyùn, kí ó dìgbà tí oṣù mélòó kan bá ti kọjá, kí ó sì fi àwọn rírọ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ra irú tí wọ́n ń pè ní zoanthid, kí ó wọ ìbọ̀wọ́, kí ó má sì se òkúta tó lẹ̀ mọ́ lórí iná láé: májèlé palytoxin tó wà lára àwọn kan nínú wọn máa ń bá ooru náà gòkè, ó sì ti gbé odidi ìdílé dé ọsibítù rí.

Nítorí náà, bí ínfátà yín bá lè gbé pọ́ǹpù àti fáànù mọ́jú, ọkọ yín ló jàre, ẹ jẹ́ kí ó tọ́jú táǹkì rẹ̀. Bí kò bá lè gbé e, ẹ̀yin lẹ jàre: ẹ tà á, tàbí kí ẹ fi sin ẹja omi odò. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ẹ má jẹ́ kí ó ra ẹja kankan lóṣù yìí.