Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Mọ Ìgbà Tí Páìpù Epo Máa Jò?

Lọ́jọ́ kan a jiyàn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì pé tí páìpù epo bá ti jò, olè ló lu ú. Òótọ́ ni pé àwọn olè ń lu páìpù. Àmọ́ òmíràn wà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, inú ló ti ń jẹ wá síta. Ní Niger Delta tí à ń gbé yìí, odò tí àwọn èèyàn ti ń pẹja ló sì máa ń gba epo náà.

Epo àti gáàsì kì í dá jáde nínú ilẹ̀. Omi ń bá wọn wá, kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì náà ń bá wọn wá. Tí ibẹ̀ bá gbẹ, kò lè ṣe irin ní nǹkan kan. Tó bá wọnú omi ló ń di ásíìdì, irú èyí tó ń ta wá lẹ́nu nínú omi sódà. Ásíìdì yìí ò le, àmọ́ tọ̀sán-tòru ló ń jẹ irin.

Ní 1975, onímọ̀ méjì ní ilé ìwádìí Shell ní Amsterdam, de Waard àti Milliams, gbé ìṣirò kan jáde. Wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú Lotz ní 1991. Òun nìyí:

lọ́gì V = 5.8 − 1710 ÷ T + 0.67 × lọ́gì P

V ni iye mìlímítà tí irin máa jẹ lọ́dún kan. T ni ìgbóná ní Celsius, ẹ fi 273 kún un. P ni agbára tí kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì nìkan fi ń ti nǹkan: tí gbogbo agbára inú páìpù bá jẹ́ bar 100, tí kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì sì jẹ́ 2 nínú 100 gáàsì náà, P jẹ́ bar 2. (Lọ́gì ò tíì dé kíláàsì wa, kalikulétọ̀ ló bá mi ṣe é. Nígbà àkọ́kọ́ mo gbàgbé 273, ìdáhùn mi wá sọ pé páìpù náà ò ní jẹ láéláé! Tíṣà rẹ́rìn-ín títí.)

Tí P bá jẹ́ 1, tí ìgbóná jẹ́ 20, V á jẹ́ nǹkan bí 0.9. Tí ìgbóná bá di 60, ó di 4.6. Tí P wá di 2, ó lé ní 7. Páìpù tó nípọn mìlímítà 12 ò ní lo ọdún méjì.

Àmọ́ ẹ má tíì sá. Èyí tó burú jù ni ìṣirò yìí ń sọ. Tí ibẹ̀ bá gbóná dáadáa, ohun tí irin àti ásíìdì náà jọ bí máa ń lẹ̀ mọ́ ara páìpù bí èèpá, á bo irin, jíjẹ á sì dínkù. Wọ́n tún máa ń da oògùn sínú páìpù. Torí náà àwọn ẹnjiníà máa ń dín iye yẹn kù, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Tí wọn ò bá dín in kù, wọ́n á fi owó ra irin olówó ńlá lásán. Tí wọ́n bá dín in jù, tí èèpá yẹn ṣí níbì kan ṣoṣo, ibẹ̀ ló máa lu.

Ohun tó wù mí jù ni pé wọn kì í gba ìwé nìkan gbọ́. Wọ́n á wọn irin pẹlẹbẹ kékeré kan, wọ́n á fi há inú páìpù, lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tún un wọ̀n. Iye tó fi fúyẹ́ ni ásíìdì ti jẹ.

Mo ti ju ìṣó kan sínú ìgò omi sódà ní láàbù, mo sì dé e pa. Gíráàmù 8.4 ló wọ̀n. A máa tún un wọ̀n ní Fúráìdè tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má mu omi sódà náà o.