Aṣọ Òtútù Àlàbá

Oṣù Dísẹ́ńbà dé. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ ní Kútọnu. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ètè á gbẹ, eruku á bo ojú ọ̀run.

Orí alùpùpù ni Bàbá ti ń gbé Àlàbá lọ sí ilé-ìwé, òtútù sì ń mú un. Aṣọ òtútù rẹ̀ ti kéré. Ìdògbé, àbúrò rẹ̀, ti gbà á.

Màmá mú Àlàbá lọ sí ọjà Dantokpa. Aṣọ àlòkù pọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni ó kó wọn wá.

Àlàbá rí aṣọ pupa kan. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èyí ni mo fẹ́!"

Màmá gbé e sókè sí oòrùn. Ihò mẹ́ta hàn! "Atẹ́gùn yóò gba ibí wọlé," ni Màmá wí. Owó aṣọ kan ṣoṣo ni ó mú wá. Àlàbá fajúro.

Ìyá aláṣọ mú òmíràn jáde. Irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún. Kì í ṣe àgùntàn ilé wa o! Irun tiwa kúrú. Ti ilẹ̀ òtútù gùn, ó sì nípọn. Kì í jẹ́ kí ooru ara tètè jáde.

Àlàbá wọ̀ ọ́. Apá rẹ̀ gùn jù.

"Ká a sókè," ni Màmá wí. "Ní ọyẹ́ ọdún tó ń bọ̀, yóò bá ọ mu."

"Ẹ má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ o," ni ìyá aláṣọ wí. "Yóò sún kì."

Àlàbá ní, "Á jẹ́ pé Ìdògbé ni yóò tún gbà á!"

Ìbéèrè
Kí ni Màmá rí lára aṣọ pupa?
Kí ló dé tí Màmá fi ra aṣọ tí apá rẹ̀ gùn?