Ṣé dókítà lè mọ iye ọjọ́ tó kù fún alárùn ẹ̀dọ̀?

Ìbéèrè: Àrùn ẹ̀dọ̀ ti ń bá ẹ̀gbọ́n mi fínra tipẹ́. Ṣé dókítà lè sọ iye ọdún tó kù? – Òǹkàwé, Raji Rasaki Estate, Amuwo-Odofin

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú o. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́, àmọ́ òṣùwọ̀n wà. Ọ̀kan nínú wọn, Child-Pugh, ń wo nǹkan márùn-ún: omi inú ikùn, ìdàrú ọpọlọ, bilirubin, albumin àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì. Máàkì 5 sí 6 ló sàn jù. 10 sí 15 ló léwu jù. Òmíràn, MELD, ń wo bilirubin, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì àti kíndìnrín, ó sì ń díwọ̀n ewu oṣù mẹ́ta. Máàkì náà lè yí padà. Bó bá jẹ́ hẹpatáítìsì B ló fà á, oògùn bíi tenofovir lè dá a dúró. Kí wọ́n jáwọ́ nínú ọtí àti àgbo. Ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹ̀dọ̀ ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà.